Okùn Ẹsẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ

Barkin Sale, Minna
Ọjọ́ Àìkú, 12 oṣù kìíní, ọdún 2025

Arifah ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùm. Ṣé ara rẹ le? Ṣé òtútù ibẹ̀ kò pọ̀ jù? Mo gbọ́ lórí rédíò pé yìnyín bo pápákọ̀ òfurufú kan ní ìlú òyìnbó, n kò sì gbọ́ orúkọ ìlú náà dáadáa. N kò lè jẹun àárọ̀ títí mo fi rántí pé o kò sọ fún mi pé o ń rìnrìn àjò. Ọyẹ́ ti mú wa níhìn-ín náà. Ètè mi ti là, eruku sì ti wọ inú gbogbo nǹkan, títí kan Kùránì mi.

O máa béèrè pé kí ló dé tí n kò pè ọ́. Bí mo bá pè ọ́, ìwọ a máa kánjú, èmi a sì máa gbàgbé. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe akọ̀wé ẹrù ní rélùwéè. Ohun tí n kò bá kọ sílẹ̀, kì í dá mi lójú. Màá máa kọ ọ́ sínú ìwé, màá ya fọ́tò rẹ̀ bí o ṣe kọ́ mi, màá sì fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Kí ìwọ náà kọ ọ́ padà. Má fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, ohùn kò ṣeé kà lẹ́ẹ̀kejì.

Pẹ́pẹ́yẹ ìyá rẹ ń kú. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wà nínú ọgbà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí. Méje ti lọ. Ojú wọn á kọ́kọ́ wú, omi á máa jáde níbẹ̀, ìpéǹpéjú á lẹ̀ pọ̀. Wọn kò fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀, abẹ́ àgbá omi ni wọ́n ń sá sí. Ìgbẹ́ wọn ń ṣàn bí omi ewé. Nígbà tó bá yá, wọn kò ní lè dìde mọ́, apá ni wọ́n á fi máa wọ́ ara wọn nílẹ̀. Nǹkan kan tún wà tí mo rí lára àwọn akọ tó kú, ṣùgbọ́n n kò lè kọ ọ́ sí ọmọbìnrin mi. Jẹ́ kí a fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Hajia kò tíì ṣàìsàn, a dúpẹ́. O rántí Hajia, pẹ́pẹ́yẹ tí ìyá rẹ sọ pé ó ń rìn bí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé. Ó ṣì ń rìn bẹ́ẹ̀. Bí ìyẹn bá kú, n kò mọ ohun tí màá sọ fún ìyá rẹ ní ibojì.

Ṣé irú èyí ni ẹ ń yẹ̀ wò ní láàbù yín? Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé ọmọ mi ń tọ́jú pẹ́pẹ́yẹ àwọn ẹni ẹlẹ́ni ní Norwich, ti ìyá rẹ̀ sì ń kú ní Minna. N kò fi bú ọ. Mo kàn ń rò ó ni. Mo tún ń rò ó pé bóyá ìjọba á wá kó gbogbo wọn, tàbí bóyá àrùn náà ti wọ ara mi. Ìwúkọ́ kékeré kan ń ṣe mí. Ó lè jẹ́ eruku.

Bàbá rẹ tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀,
Àbdùlgàfárù


Norwich
14 oṣù kìíní, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Mo ka ìwé yín lẹ́ẹ̀mejì nínú bọ́ọ̀sì, mo sì kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òróró pa ètè yín, ẹ sì fi aṣọ bo imú bí ẹ bá ń gbá ọgbà.

Ohun tí ẹ kò lè kọ sí mi yẹn, ṣé nǹkan akọ wọn ló yọ síta tí kò padà wọlé? Bàbá mi, iṣẹ́ mi ni. "Bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" péré ni kí ẹ kọ.

Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, mo fura sí àjàkálẹ̀ àrùn kan tó jẹ́ ti pẹ́pẹ́yẹ àti àwọn ìbátan rẹ̀ nìkan. Kì í mú ènìyàn, kì í sì í mú adìẹ. Ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe àyẹ̀wò. Àrùn ẹyẹ míràn wà tó ń mú ènìyàn, nítorí náà ẹ fọ ọwọ́ yín dáadáa, ẹ má sì jẹ èyíkéyìí tó bá kú. Ẹ lọ sí ilé ìtọ́jú ẹranko tó wà ní Tunga, kí ẹ béèrè Dókítà Victoria. Èmi àti òun jọ kàwé ni. Ó máa fún yín ní àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi òwú wé lórí, àti ìgò kékeré tí omi pupa wà nínú rẹ̀. Ẹ ti igi kan bọ ọ̀fun pẹ́pẹ́yẹ, ẹ yí i, kí ẹ sì fi òmíràn yí ihò ìdí rẹ̀. Ẹ ki orí òwú náà bọ inú ìgò lójú ẹsẹ̀, bí ó ṣe wà. Ẹ gbé e sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín. Ẹ mú mẹ́wàá: márùn-ún lára àwọn tó ń ṣàìsàn, márùn-ún lára àwọn tó dá yín lójú pé ara wọn le.

Ẹ̀rọ wa kì í rí kòkòrò àrùn náà fúnra rẹ̀. Àmì rẹ̀ ló ń wá, bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ojú ẹsẹ̀ olè lórí eruku. Bí wọ́n bá ti gbálẹ̀ kí ẹ tó dé, ẹ kò ní rí nǹkan kan.

Ìbéèrè kan: ṣé ẹ mú ẹyẹ tuntun wọlé láìpẹ́ yìí?

Pẹ́pẹ́yẹ ìyá mi kò kúrò lọ́kàn mi, Bàbá. Bí òfin bá gbà kí n gbé òwú yín wá síhìn-ín, èmi fúnra mi ni ǹ bá fi wọ inú ẹ̀rọ.

Ọmọ yín,
Arifah


Barkin Sale
Ọjọ́ Ajé, 20 oṣù kìíní

Arifah,

Bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ti dáhùn ìyẹn, kí a má tún padà síbẹ̀ mọ́.

Mo rí Dókítà Victoria. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni, ó kúnlẹ̀ kí mi láàárín àwọn ajá àti ewúrẹ́ tí wọ́n kó wá gba abẹ́rẹ́. Ó ní òun máa wá mú àwọn òwú náà fúnra òun lọ́jọ́ kejì, mo ní rárá, èmi ti fọwọ́ kan ẹrù tó le ju ìyẹn lọ. Ó fún mi ní ogún igi àti ogún ìgò. Ó gbà mí ní wákàtí mẹ́ta. Pẹ́pẹ́yẹ lágbára nídìí! Mo fi aṣọ bo orí wọn, mo há wọn mọ́ àárín orúnkún mi. Gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní nígbà tí mo parí. O mọ̀ mí, n kò lè gbé ìdọ̀tí lé dókítà lọ́wọ́. Mo kọ ìwé mọ́ ìgò kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà, akọ tàbí abo, ọ̀fun tàbí ìdí, ọjọ́, aago. Dókítà Victoria ní òun kò rí ìgò tí wọ́n kọ nǹkan sí lára báyìí rí. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí láàbù ńlá kan ní ìlú míràn nínú kúlà. Mo bi awakọ̀ náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta bóyá yìnyín tó. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ńṣe ló wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Mẹ́rin tún ti kú. Ó ku mẹ́rìnlá. Ṣùgbọ́n àwọn márùn-ún kan tó ti dùbúlẹ̀ ti ń dìde.

Ti ẹyẹ tuntun tí o béèrè, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Bàbá rẹ


Barkin Sale
Ọjọ́rú, 29 oṣù kìíní

Arifah ọmọ mi,

Alhamdulillah! Èsì ti dé. Dókítà Victoria kà á sí mi létí, mo sì ní kí ó tún un kà. A kò rí nǹkan kan. Nínú ogún ìgò, a kò rí nǹkan kan. Ó ní òun fẹ́ tún un ṣe nítorí pé kò yé òun, ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé ohun tí Ọlọ́run bá ti mú kúrò, kí ènìyàn má máa wá a kiri.

Kò sí èyí tó kú láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Àwọn márùn-ún tó ṣàìsàn ti gbádùn, ara wọn ń dán, wọ́n ń jẹun ju àwọn tó kù lọ. Mo fẹ́ fi wọ́n ṣe sàráà ìdúpẹ́. Kí ni o rò? Kọ ìwé sí mi kí n mọ̀.

Bàbá rẹ tó tún ti ń jẹun àárọ̀


Barkin Sale
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù kejì

Arifah,

Ọjọ́ mẹ́wàá nìyí. N kò rí ìwé, n kò rí ipè. Àmì ọ̀rọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ kò di àwọ̀ búlúù. Bóyá ara rẹ kò yá. Bóyá wọ́n ti lé ọ kúrò níbi iṣẹ́. Mo bi ọmọ Alhaji tó wà ní ilé ọ̀tún wa pé báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ̀ bí ọmọ òun bá wà nílé ìwòsàn ní ìlú òyìnbó, ó ní wọ́n á pè. Ó rín ẹ̀rín.

Mo ti ṣe sàráà náà lánàá Jímọ̀. N kò lè dúró mọ́, ẹ̀jẹ́ kì í pẹ́ lọ́rùn ènìyàn. Àwọn márùn-ún tó gbádùn ni mo kó jáde, nítorí ẹni tí Ọlọ́run yọ ni a fi ń dúpẹ́. Alfa Yahya tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú gba méjì. Àbdùlbáàkí télọ̀, tó wà ní iwájú ilé wa, gba ọ̀kan. Mọ̀ríámọ̀ opó gba akọ kan àti abo kan, ó sì ṣàdúrà títí omi fi bọ́ lójú mi. Òun ló ń sin pẹ́pẹ́yẹ tó lé ní ogójì báyìí, nínú ẹyin wọn ló ti ń rán àwọn ọmọ mẹ́ta nílé ìwé. Ìyá rẹ ló fún un ní èyí tó fi bẹ̀rẹ̀, mo ní kí àánú ìyá rẹ má dúró.

Ọkàn mi balẹ̀ lórí ìyẹn. Lórí ìwọ ni kò balẹ̀.

Bàbá rẹ


Norwich
10 oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ forí jì mí. Àrùn bẹ́ sílẹ̀ ní oko mẹ́ta níhìn-ín láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìgò ń dé bí òjò, n kò sì gbé fóònù wọ inú láàbù. Bí mo bá délé, orí ìjókòó ni oorun ti ń gbé mi lọ. Ó yẹ kí n wo ìwé yín. N kò wò ó. Ẹ̀bi yìí, tèmi ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáhùn èyí lónìí: nígbà tí ẹ kọ pé gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní, kí ni ẹ fi mú un mọ́?

Ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Bí ó bá jẹ́ àrùn tí mo fura sí, pẹ́pẹ́yẹ tó ṣàìsàn tó sì gbádùn kò tíì bọ́. Kòkòrò náà á sá pamọ́ sí ara rẹ̀, á máa bá omi àti ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, fún oṣù, nígbà míràn fún ọdún. Ara rẹ̀ á máa dán. Àwọn tó kàn án ni yóò kú. Àwọn márùn-ún tí ẹ kó jáde yẹn gan-an ni ẹ̀rù wọn bà mí jù. Ẹ gbà wọ́n padà, Bàbá. Ilé Mọ̀ríámọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ.

Arifah


Barkin Sale
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù kejì

Arifah,

O ní kí n gba sàráà padà. Ṣé o gbọ́ ohun tí o sọ? Ẹni tó bá gba ohun tó fi tọrẹ padà, bí ajá tó padà sórí èébì rẹ̀ ni. O kọ́ ọ ní ilé kéwú, èmi ni mo ń mú ọ lọ. Kí n kan ilẹ̀kùn opó, kí n ní kí ó kó ohun tí mo fún un nítorí Ọlọ́run wá? Àádọ́rin ọdún ó lé méje ni mo wà láyé, kò sí ẹni tó pè mí ní ahun rí.

Omi Izal ni mo fi ṣan wọ́n. Ọmọrí kan péré nínú abọ́ omi. Ìgbẹ́ ló wà lórí òwú náà, Arifah! Ṣé kí n kó ìgbẹ́ lé ọmọ ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí ó máa sọ pé bàbá ọ̀rẹ́ òun kò mọ́ra?

Ara àwọn pẹ́pẹ́yẹ náà le. Mo rí wọn. Ìwọ kò rí wọn. O kò rí ìyá rẹ náà nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ, fóònù ni wọ́n fi hàn ọ́. Kò yẹ kí ẹni tó ń wo ilé láti inú fóònù máa sọ fún mi pé ojú mi kò ríran.

Àbdùlgàfárù


Norwich
12 oṣù kejì

Bàbá mi,

Òótọ́ ni ẹ sọ. N kò wá. Ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ ìjọba ibí nígbà náà, bí mo bá jáde n kò ní lè wọlé mọ́, mo sì jókòó sínú ilé ìwẹ̀ ibi iṣẹ́ mi, mo wo bí wọ́n ṣe ń da erùpẹ̀. N kò sọ ọ́ fún yín rí nítorí pé kò sí bí mo ṣe lè sọ ọ́ tí kò ní dà bí àwáwí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òmíràn tí n kò sọ rí. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi níhìn-ín, òwú kan dé láti oko àgbàlagbà kan. Òwú náà ti gbẹ. Ó yẹ kí n kọ pé kí ó mú òmíràn wá. "A kò rí nǹkan kan" ni mo kọ. Ó gbà mí gbọ́, ó kó pẹ́pẹ́yẹ lọ fún àbúrò rẹ̀. Oko méjèèjì ni wọ́n pa run. Ọkùnrin náà ti kọ ìwé sí wa kí ó tó mọ̀. Kò bú mi. Ó ń dúpẹ́ pé èsì òun tètè dé. Ìwé náà wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi títí di òní.

Bàbá, "a kò rí nǹkan kan" kì í ṣe "kò sí nǹkan kan." Izal ti gbá ojú ẹsẹ̀ olè náà kúrò. Victoria máa tún mú òwú míràn, ṣùgbọ́n èsì máa tó ọ̀sẹ̀ méjì, ogójì pẹ́pẹ́yẹ Mọ̀ríámọ̀ kò sì ní dúró dè é. N kò ní ẹ̀rí láti fi hàn yín. Ohun tí mo ní ni pé mo ti ṣe irú àṣìṣe yìí rí, mo sì mọ bí ó ṣe ń parí.

Ẹ má kà á sí gbígbà padà. Ẹ kàn lọ sọ òótọ́ fún wọn.

Ọmọ yín


Barkin Sale
Ọjọ́ Jímọ̀, 14 oṣù kejì

Arifah ọmọ mi,

Mo lọ lánàá.

N kò kọ́kọ́ lọ sí ilé Mọ̀ríámọ̀ bí o ṣe sọ. Ojú tì mí. Ọ̀dọ̀ Alfa Yahya ni mo lọ. Mo ní, "Alfa, mo wá nítorí sàráà ọjọ́ Jímọ̀." Ó ní, "Èwo? Méjèèjì ti wọ ikùn àwọn ọmọ kéwú lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣé kí n ní kí wọ́n pọ̀ ọ́ ni?" Mo sọ ohun gbogbo fún un, mo sọ ti Izal pàápàá. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Bàbá Arifah, ẹ kò gba sàráà padà. Ìkìlọ̀ lẹ gbé wá. Ìkìlọ̀ náà, sàráà ni. Ẹ máa lọ, ibi tí wọn kò tíì pa á ni kí ẹ sáré dé."

Ti Àbdùlbáàkí kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí mo fún un wà láàárín tirẹ̀ mẹ́fà, wọ́n jọ ń mu omi nínú abọ́ kan náà. Méjì ti kú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò tíì sin wọ́n, ó tẹ́ wọn sí abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kí n lè rí i, bóyá ó ti ń retí mi. Ó ní, "Haba, Baba! Ẹ fi ikú sínú agbọ̀n, ẹ gbé e fún mi, ẹ ní kí n ṣe àmín? Èmi sì ṣe é!" Mo ní kí ó forí jì mí. Ó ní, "Wallahi, bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni." Kò parí ọ̀rọ̀ náà, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ. Mo dúró díẹ̀. Nígbà tí kò gbójú sókè, mo lọ.

Mo wá dé ilé Mọ̀ríámọ̀. Ó ń fọ ẹyin nínú abọ́, àwọn pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ kún ọgbà, ariwo wọn gba gbogbo ibẹ̀. Mo wo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tí ojú rẹ̀ wú. Mo wá àwọn tí mo fún un láàárín wọn, n kò rí wọn. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Mọ̀ríámọ̀, àwọn méjì tí mo fún ọ, ṣé wọ́n ti kú ni?"

Ó ní, "Ikú kẹ̀! Ẹ wá wò wọ́n, Bàbá Arifah."

Ó mú mi gba ẹ̀yìn ilé ìdáná. Akọ àti abo náà wà níbẹ̀, ó fi akísà aṣọ so ẹsẹ̀ wọn kọ̀ọ̀kan mọ́ èèkàn, abọ́ omi tiwọn lọ́tọ̀, oúnjẹ tiwọn lọ́tọ̀. Ó ní, "Ọ̀la pé ọjọ́ méje. Bí mo bá ti ibi ìrun Jímọ̀ dé ni mo fẹ́ tú wọn sáàárín àwọn yòókù."

Mo ní, "Ta ló kọ́ ọ ní èyí?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé. "Ta ni ì bá tún kọ́ mi? Ìyá Arifah mà ni. Ó ní ẹyẹ tuntun, ọjọ́ méje lórí okùn, kí ó fi mọ ilé, kí ilé sì fi mọ̀ ọ́n. Ó ní èyí tó bá gbé àìsàn wá láti ọjà, orí okùn ni yóò ti fi hàn. Àbí ẹ kò mọ̀ ni?"

Mo mọ̀, Arifah. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń rí okùn yẹn lẹ́sẹ̀ ẹyẹ nínú ọgbà mi, tí mo sì ń fi ìyá rẹ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó sọ ọgbà di ẹ̀wọ̀n. Ìgbà tí o bi mí nípa ẹyẹ tuntun, irọ́ ni mo pa fún ọ. Mo ra méjì ní ọjà Gwadabe ní oṣù kejìlá, nítorí mo rò pé ọgbà náà ti ń ṣófo, pé ìyá rẹ kò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo tú wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo rà wọ́n. Àwọn méjèèjì ló kọ́kọ́ kú.

Mo sọ ohun gbogbo fún Mọ̀ríámọ̀. Kò bú mi. Ó ní kí n jókòó, ó fún mi lómi. Dókítà Victoria wá gbé àwọn méjì náà nírọ̀lẹ́ tòun ti abọ́ wọn, ó sì da oògùn sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti dúró. Ó mú òwú tuntun lára gbogbo tèmi. Mo jókòó lórí ọwọ́ mi kí n má baà fọ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa ìsìnkú ìyá rẹ, pa á rẹ́. Ìwé tí mo kọ ọ́ sí wà lọ́wọ́ mi, mo ti fà á ya.

Bàbá rẹ


Norwich
15 oṣù kejì

Bàbá mi,

Mo ka ìwé yín sí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi létí ní èdè wọn. Ọ̀gá wa béèrè pé yunifásítì wo ni ìyá mi lọ. Mo ní kò ka ìwé rárá.

Inú mi dùn débi pé mo sunkún. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ni, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́: ọjọ́ méje gbà wá là lónìí, ṣùgbọ́n kò tó. Àrùn yìí lè fara pamọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni kí ẹ máa fi so ẹyẹ tuntun, kí ẹ sì ṣe àyẹ̀wò kí ẹ tó tú okùn. Ẹ sọ fún Mọ̀ríámọ̀ náà.

Arifah


Barkin Sale
28 oṣù kejì

Arifah,

Èsì dé. Nínú mẹ́sàn-án tó kù sí mi lọ́wọ́, wọ́n rí i lára mẹ́fà. Wọ́n rí i lára àwọn méjì tí ó wà lórí okùn. Wọ́n rí i lára Hajia, tí kò ṣàìsàn ọjọ́ kan rí. Gbogbo ti Àbdùlbáàkí ti kú, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò níbẹ̀.

Mo bi Dókítà Victoria bóyá a lè fi Hajia nìkan sílẹ̀, kí n máa gbé e sínú yàrá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni mo mọ ìdáhùn. Mo gbé e fún un fúnra mi. Kò jà, ó gbé ọrùn lé apá mi. A sin gbogbo wọn sínú kòtò jíjìn pẹ̀lú ẹfun ìkọ́lé, a sì fọ ọgbà. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ní kí n lo Izal bí ó ṣe wù mí.

Ọ̀la la máa bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Ilé dákẹ́ jù.

Bàbá rẹ


Barkin Sale
25 oṣù karùn-ún

Arifah ọmọ mi,

Mo rí ọjọ́ tí o máa dé nínú ìwé ọkọ̀ òfurufú tí o fi ránṣẹ́. Mo ti kọ ọ́ sí ara ògiri. Mo tún ń rò ó pé bí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀nà Àbújá sí ibí kò dára, kí o má jẹ́ kí awakọ̀ sáré.

Òjò ti rọ̀ dáadáa níhìn-ín. Àbdùlbáàkí ti ń kí mi padà. Ó rán agbádá kan fún mi fún Iléyá, ó ní òun kò gba owó, kí n má ṣáà fi pẹ́pẹ́yẹ san án. Mo rẹ́rìn-ín nítorí pé òun náà rẹ́rìn-ín.

Mọ̀ríámọ̀ mú abo méjì wá fún mi nínú tirẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin oṣù yìí. Dókítà Victoria ti mú òwú lára wọn kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, ó tún máa wá mú òmíràn. Wọ́n wà lórí okùn lẹ́yìn ilé ìdáná. Akísà ìró ìyá rẹ ni mo fi so wọ́n, èyí aláwọ̀ ewé. Ọjọ́ kọkànlélógún nìyí. Mọ̀ríámọ̀ ní bí ó bá ṣe ti Ìyá Arifah ni, wọn ì bá ti máa rìn kiri, pé ẹ̀yin dókítà ti sọ okùn di ẹ̀wọ̀n. Mo ní ọmọ mi ló pàṣẹ, n kò lè yẹ̀ ẹ́.

Ọ̀kan nínú wọn ti ń rìn bí Hajia. Màá jẹ́ kí ìwọ náà wò ó, kí n mọ̀ bóyá ojú mi ni.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tó ń jẹ mí lọ́kàn. O kọ ọ́ pé ọjọ́ méje péré ni ibi iṣẹ́ fún ọ. Ọdún mẹ́fà ni o ti kúrò nílé. Àwọn ọmọ àdúgbò yìí kò mọ̀ ọ́, ibojì ìyá rẹ kò mọ ẹsẹ̀ rẹ. Ìwọ fúnra rẹ lo kọ ìwé sí mi, mo tọ́jú ìwé náà, pé ọjọ́ méje kò tó. Ọgbọ̀n ni o kọ.

Bàbá rẹ,
Àbdùlgàfárù